Òkìtì Ọkà tó Fẹ́ Lọ sí Dublin

Òkìtì àlìkámà kan ṣoṣo ni Watt Parle tò nígbà èwe rẹ̀, òkìtì náà sì wọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi pè é ní Ẹ̀gbẹ́kan nítorí rẹ̀.

Ballinrath ni wọ́n bí i sí, ní gúúsù Wexford, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí afẹ́fẹ́ òkun kì í sì í sinmi. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí láti oko dé oko nígbà ìkórè pé kó wá bá wọn to ìtí, ìyẹn ìdì ọkà tí wọ́n gé, di òkìtì. Orí orúnkún ni ẹni tó ń to ìtí ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnìkan á dúró nísàlẹ̀, á máa fi àmúga ọlọ́wọ́ gígùn ju ìtí sí i lókè. Òun á gbà á, á kọ ìdí rẹ̀ síta, á kọ orí rẹ̀ sínú, á fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, á tún na ọwọ́ gba òmíràn. Àárín gbọ́dọ̀ ga ju etí lọ, kí omi òjò lè máa ṣàn síta. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tutù ju èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ yẹn á rì, òkìtì á sì wọ́. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ kò tíì kúnlẹ̀ lé e rí.

Bàbá náà kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956. Watt kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Òun ló wá ni ilẹ̀, òun ló ni màlúù, òun ló ni pápá àlìkámà. Òjò ọdún náà kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Nígbà tí wọ́n gé àlìkámà tán, wọ́n dì í ní ìtí, wọ́n gbé àwọn ìtí náà dúró ní mẹ́fà-mẹ́fà nínú pápá kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Òjò náà ń rọ̀. Oṣù kẹsàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìtí tó wà ní abẹ́ igi ní ìhà òjìji ṣì tutù.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Wexford máa bá Cork gbá àṣekágbá hurling, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ní Dublin. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ibẹ̀ lè ní eré lásán ni. Kó má sọ ọ́ sókè. Gbogbo ọkùnrin Ballinrath ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo òkìtì abúlé ni wọ́n ti jọ tò tán, ó ku ti Watt. Lọ́jọ́ Furaidé wọ́n dé sí àgbàlá rẹ̀ pẹ̀lú àmúga lọ́wọ́.

Watt ki ọwọ́ bọ inú ìtí kan láti ìhà òjìji. Ó yọ ọ́ jáde.

"Kò tíì gbẹ," ó ní.

Mogue Sinnott ló dá a lóhùn. Aládùúgbò rẹ̀ ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, oko wọn sì pààlà. Mogue ló máa ju ìtí lọ́jọ́ náà.

"Bí kò bá gbẹ nílẹ̀, á gbẹ lókè. Gùn ún, jàre. Rélùwéè kì í dúró de ọkà."

"Bí a bá dúró di Ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Ọjọ́ Ajé wo? Bí a bá borí, ta lo rò pé ó máa lè dìde ní Ọjọ́ Ajé? Bí wọ́n bá sì nà wá, ta ló máa fẹ́ dìde?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Watt gun òkè. Ìtí tó ti yá oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ kó dé, ó tò wọ́n sí ìhà gúúsù. Ìtí abẹ́ igi ni wọ́n kó dé kẹ́yìn, ó tò wọ́n sí àríwá, níbi tí àyè kù sí. Gbogbo wọn ń kánjú, òun náà ń kánjú. Kò sí ẹni tó fà sẹ́yìn wò ó láti ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ń lọ wọ ọkọ̀, òkìtì náà dúró ṣánṣán.

Wexford borí. Nígbà tí wọ́n padà dé, ohùn kò sí lọ́fun ẹnikẹ́ni mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń kọrin. Wọ́n dé ẹnu géètì Parle, orin dáwọ́ dúró. Òkìtì ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń wo nǹkan lórí ògiri ẹlòmíràn. Àríwá ló fì sí. Àríwá sì ni Dublin wà.

Mogue tẹ orí sí èjìká, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ má bú u," ó ní. "Òun náà fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù."

Ọjọ́ kan náà ni ife ẹ̀yẹ àti àwàdà wọ Ballinrath. Wọn kò gbàgbé èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Wọ́n wá fi igi ti òkìtì náà kó má baà wó. Ẹ̀rọ ìpakà ń lọ láti oko dé oko nígbà náà, kálukú ń retí kí ó kàn án. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ló tó kan Watt. Gbogbo ìgbà òtútù ni òkìtì fi wà níbẹ̀ lórí ọ̀pá bí arúgbó. Àwọn tó ń lọ sí Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi máa ń dúró ní géètì, wọ́n á tẹ orí sí èjìká, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì máa lọ. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń tẹ orí bí wọ́n bá pàdé Watt fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí i nìyẹn. Ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́dún náà dàgbà, ó ń tẹ orí sí i, kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹnìkan láti ilé ìwé ìròyìn ya fọ́tò òkìtì náà. Devereux onílé ọtí gbé e kọ́ sí ògiri, ẹ̀gbẹ́ fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Watt kò bínú, kò sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Á kí wọn padà, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́dún kejì, nígbà tó fẹ́ gun òkìtì, Mogue ti ṣáájú rẹ̀ dé orí àkàbà. "Ìwọ dúró sísàlẹ̀ kí o máa jù ú," ó ní. "Ọdún yìí kò sí bọ́ọ̀lù." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ìkórè ńlá dé, èyí tó ń gé ọkà, tó ń pa á, tó sì ń dà á sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìtí mọ́. Kò sí òkìtì mọ́. Àwọn ọkùnrin ìyókù ti to òkìtì bí ogún, bí ọgbọ̀n. Nínú rẹ̀ òmíràn dára, òmíràn kò dára, kò sí ẹni tó rántí. Watt ní ẹyọ kan. Iṣẹ́ náà parí kó tó lè ṣe èkejì.

Nígbà tó fẹ́ fi Statia Codd ṣe aya, bàbá Statia bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé Ẹ̀gbẹ́kan yẹn ni?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ó kéré tán, a mọ ibi tó ń fì sí."

Statia fẹ́ ẹ. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Méjì wà ní England, ìkẹta ń ṣiṣẹ́ ní Dublin. Watt ń fún wàrà, ó ń gbin àlìkámà àti ọkà bálì, nígbà ìkórè ó tún máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń mú ọkà gbẹ. Òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ á dé, á ki ọwọ́ bọ inú ọkà, á ní, "Ó tutù." Àwọn awakọ̀ bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, wọ́n ní àwọn mọ ọ̀gá rẹ̀. Á tún ní, "Ó tutù." Wọ́n á tẹ orí sí i, wọ́n á wa ọkọ̀ wọn padà.

Lálẹ́ Furaidé, àwọn àgbà máa ń jókòó ní ilé ọtí Devereux, wọ́n á máa sọ nípa ìgbà ìpakà. Wọ́n á ní ìgbà yẹn dùn. Wọ́n á rántí ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbọ́ láti abúlé kejì, okùn tí wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ ṣòkòtò kí eku má baà gùn ún wọlé nígbà tí òkìtì bá kù díẹ̀, àti àgbá bíà dúdú tó wà lábẹ́ igi. Bí wọ́n bá bi Watt, á ní òun rántí ìyàngbò tó ń wọ ẹ̀yìn ẹ̀wù. Bí wọ́n bá bi Statia, á ní òun rántí ogún ọkùnrin tó ń jẹ ọ̀dùnkún àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. "Ẹni tó bá ní ìgbà yẹn dùn," ó ní, "kò fọ abọ́."

Ṣùgbọ́n Watt kì í ṣí ojú kúrò lára àgbàlá ẹlòmíràn bó bá ń kọjá. Kò sí òkìtì níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ń wo ibi tí òkìtì máa ń wà.

Ọdún 1996 ni òrùlé gbọ̀ngán abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Lar Devereux, ọmọ onílé ọtí, tó ti jogún ilé ọtí náà, ní kí wọ́n ṣe Ọjọ́ Ìpakà, kí àwọn èrò wá wò ó, kí wọ́n fi owó tún òrùlé ṣe. Mogue ní pápá àlìkámà kan, ó sì ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan nínú ahéré rẹ̀ tó ń gé ọkà, tó ń dì í ní ìtí, tí adìẹ ń sùn lé. Ẹnìkan láti abúlé orí òkè ní ẹ̀rọ ìpakà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ku ẹni tó máa to òkìtì. Nínú àwọn tó tò ó rí, wọ́n ti sin púpọ̀ nínú wọn. Mogue kò lè gun àkàbà mọ́, òòyì máa ń kọ́ ọ.

Lar wá sí ilé ìdáná Parle. Ó mú pósítà dání. Fọ́tò ọdún 1956 ló wà lórí rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan ló kù, Ọ̀gbẹ́ni Parle," ó ní.

"Mo rí i."

"Ẹ kàn bá wa to irú rẹ̀ ni."

"Irú èwo?"

Lar na ìka sí pósítà. "Irú èyí. Kó fì díẹ̀. Àwọn èrò á fẹ́ ya fọ́tò."

Statia ń bu tíì. Ó dáwọ́ dúró.

Watt wo pósítà náà. "Màá tò ó," ó ní.

Lar dúpẹ́, ó mu tíì, ó lọ.

"O kò sọ fún un pé kò ní fì," Statia ní.

"Kò bi mí."

"Orúnkún rẹ ńkọ́?"

Orúnkún Watt ti bàjẹ́. Dókítà ti ní tí ọdún tuntun bá dé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n á fi irin sí i, kò sì ní kúnlẹ̀ mọ́, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Watt mọ̀ pé bí òun kò bá to òkìtì kejì lọ́dún yìí, àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n máa fi sin òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Statia. Ó ní, "Ó ṣì ń ká."

Wọ́n gé àlìkámà ní àárín oṣù kẹjọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ náà já okùn ju bó ṣe di ìtí lọ, wọ́n fi ọwọ́ di ìyókù. Wọ́n gbé ìtí dúró ní mẹ́fà-mẹ́fà. Àwọn ọ̀dọ́ wá wò ó, wọ́n béèrè bóyá ọ̀ṣọ́ ni.

Wexford tún wá dé àṣekágbá. Kò sí ẹni tó rò ó. Wọ́n máa bá Limerick gbá a ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ní Dublin. Lọ́jọ́ Furaidé, Mogue àti Lar pẹ̀lú àwọn bíi mélòó kan wá sí pápá.

"Ọ̀gbẹ́ni Parle," Lar ní, "ẹ jẹ́ ká tò ó lónìí. Lọ́la gbogbo wa ń lọ."

Watt rìn lọ sí ìhà òjìji. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìtí. Ó yọ ọ́.

"Ó tutù."

"Ó tutù díẹ̀ ńkọ́?" Lar ní. "Bó bá fì nítorí rẹ̀, ṣebí ohun tí a fẹ́ nìyẹn."

"Ó tutù."

Mogue rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbẹ́kan, o ti ń di àgbà. Bí kò bá gbẹ nílẹ̀, á gbẹ lókè."

Watt wò ó. Mogue kò rántí pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó hàn lójú rẹ̀.

"Nígbà wo ló máa gbẹ?" Lar bi í.

"Oòrùn wà lónìí, ó wà lọ́la. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, á ti gbẹ."

"Ọjọ́ Ìsinmi? Kò ní sí ajá kan ní Ballinrath lọ́jọ́ náà. Ẹ tò ó ní Ọjọ́ Ajé nígbà náà."

"Rédíò ní òjò ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi."

"Èmi á dúró tò ó lọ́jọ́ Ìsinmi," ó ní. Ọmọ Watt ti fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i láti Dublin. Ìjókòó tó dára ni. Watt yọ ọ́ láti inú àpò, ó nà án sí Mogue, tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ti ń bẹ gbogbo ayé láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Mogue wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo Watt. "Orí rẹ pé?"

"Mú un kí n tó yí ọkàn padà."

Mogue mú un. Kò dúpẹ́. Ẹni tó bá mọ Mogue mọ̀ pé ìyẹn ni ọpẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ballinrath dákẹ́ bí ilé òkú. Wọ́n ti ṣe Mísà ní kùtùkùtù, Fadá ti wọ bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ oko lọ́jọ́ Ìsinmi kò dára, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ìbá bi ní ìbéèrè wà ní Dublin. Nígbà tó di ọ̀sán, Watt àti Statia kó ìtí tó ti gbẹ láti pápá Mogue wá sí àgbàlá tiwọn. Statia so rédíò mọ́ ẹsẹ̀ àkàbà. Ó wọ bàtà òjò Watt, ó mú àmúga. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún, apá rẹ̀ sì le bí igi.

"Gùn ún," ó ní. "Bí o bá já bọ́, má já bọ́ lé mi."

Watt fi àpò méjì di orúnkún, ó gùn ún. Statia ń ju ìtí, ó ń gbà á. Ìdí síta, orí sínú, orúnkún lé e. Àárín ga. Bó bá ti to ìpele kan yípo, Statia á fi àmúga sílẹ̀, á fà sẹ́yìn dé ẹnu géètì, á di ojú kan, á fi òkìtì wé ilé aago ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó ń yọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Sinnott."

"Báwo?"

"Bí ìwọ̀n ọwọ́ kan. Fà á wọlé."

Á fà á wọlé. Wọ́n á tún máa bá a lọ.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ariwo ń jáde láti inú rédíò, Statia kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n lé ọmọ Wexford kan jáde. Statia dúró pẹ̀lú ìtí lórí àmúga.

"Ìtí," Watt ní lókè.

"Wọ́n ti lé ọ̀kan nínú wọn jáde. Mẹ́rìnlá ló kù."

"Mo gbọ́. Ìtí."

"O kò ní àánú."

"Méjì ni wá níbí. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ìtí, Statia."

Ó jù ú. Ó jù ú bà á lójú, kò sì dà bíi pé àṣìṣe ni.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n ti dé ibi tí òkìtì ti ń sún wọlé bí òrùlé. Orúnkún Watt kò sọ̀rọ̀ mọ́; ó ti kọjá ibi tí ń dunni. Fèrè dún. Wexford fi àmì méjì borí. Statia jókòó sílẹ̀ lórí ìtí, ó fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu ojú.

"Ṣé a gbà á?" Watt bi í.

"A gbà á."

"Ó dáa. Mélòó ló kù nísàlẹ̀ yẹn?"

Oòrùn ṣì wà nígbà tí wọ́n parí. Wọ́n fi pòròpòrò bo orí rẹ̀, wọ́n fi okùn fà á sọ́tùn-ún sósì, wọ́n so òkúta mọ́ ẹnu okùn. Watt sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀yìn-ẹ̀yìn. Ó dé ilẹ̀, kò lè na ara. Ó di àkàbà mú, ìbàdí rẹ̀ lọ sápá kan, èjìká rẹ̀ lọ sápá kejì.

Statia wo òkìtì. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́kan," ó ní.

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Watt rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún ní ìhà. Ní ìrọ̀lẹ́ náà òjò dé, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Òkìtì kò mira.

Ní Ọjọ́ Ajé, gbogbo ayé lọ sí ìgboro Wexford lọ pàdé àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mogue tó dé. Ó rìn wọ àgbàlá, ó dúró. Ó ti tẹ orí sí èjìká kó tó dé ibẹ̀. Nígbà tó rí òkìtì, ó gbé orí náà padà. Ó yí òkìtì po. Ó tún un yí po láti ọ̀nà kejì. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ó gún," ó ní.

"Ó gún."

"Ta ló ń ju ìtí fún ọ?"

"Statia."

"Hẹn-ẹ́n." Ojú Mogue tún là. "Mo ní nǹkan wà níbẹ̀. Ẹni tó ń jù ú ló ń jẹ́ kó gún. Bí ìjù bá dáa, ọmọdé pàápàá á tò ó. Òkìtì Statia nìyí."

Watt ń fi ọ̀bẹ gé okùn. 

"Ta ló ju ti 1956?"

Mogue wo òkìtì. Ó wo géètì. "Ó ti pẹ́," ó ní, ó sì lọ sílé.

Watt kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Statia wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Statia sì ní ẹnu. Kí ọjọ́ Furaidé tó pé, gbogbo ilé ọtí ti gbọ́. Bí Mogue ṣe wọlé, ẹnìkan tẹ orí sí èjìká. Ẹnìkejì ní, "Mogue, ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lo fi àmúga júwe ọ̀nà Dublin fún òkìtì yẹn?"

"Irọ́ ni," Mogue ní. "Ẹni tó ń jù ú, kí ló kàn án? Jíjù ni tirẹ̀. Ẹni tó wà lókè ló ni òkìtì. Gígún rẹ̀, tirẹ̀ ni; wíwọ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni."

"Ta ló wá ni èyí tó gún yìí?"

Mogue rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kò sì sí ọ̀nà mìíràn fún un. "Watt ló ni ín," ó ní. "Ta ni ì bá tún ni ín?"

Láti ọjọ́ náà kò dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá pàdé, á sọ fún un pé Watt Parle nìkan, pẹ̀lú orúnkún tó ti kú, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to òkìtì tó gún ju ilé aago lọ, obìnrin kan kàn ń ju ìtí sí i ni, kò sì sí ohun tí ìjù ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ òkìtì. Ó sọ ọ́ ní ọjà, ó sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà Mísà. Ó sọ ọ́ fún Fadá. Kò sọ̀rọ̀ Watt dáadáa rí kó tó dìgbà yẹn.

Ọjọ́ Ìpakà bọ́ sí ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kí àwọn èrò tó dé, Lar gbé igi mẹ́ta wá, ó sì ń fi ti òkìtì.

"Kí nìyẹn?" Watt bi í.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni Parle. Wọ́n ti rí pósítà. Igi ò ní pa á lára."

Àwọn èrò dé. Wọ́n tẹ orí sọ́tùn-ún, wọ́n tẹ ẹ sósì, wọ́n ń wá ibi tó fì sí. Ọkùnrin kan láti Belgium ní òun rí i. Ó fi han ìyàwó rẹ̀. Watt dúró sẹ́bàá ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.  Statia wò ó, ó pa ẹnu mọ́, ìyẹn ló sì ṣòro fún un.

Mogue ló la àárín èrò kọjá. Ó fa igi àkọ́kọ́ yọ, ó jù ú sílẹ̀. Ó fa èkejì.

"Mogue, ẹ jọ̀ọ́," Lar ní, "àwọn èrò—"

"Èrò wo? Ẹ wò ó." Ó fa ìkẹta yọ. Gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Òkìtì dúró níbi tó wà. "Ẹni tó tò ó mọ̀ ọ́n tò. Kò nílò igi. Bí mo bá tún rí igi lára rẹ̀, màá fi í na ẹnìkan."

Ọkùnrin ará Belgium náà gbé kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n tan ẹ̀rọ ìpakà. Ariwo rẹ̀ bo gbogbo nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ gun òkìtì, wọ́n ń ju ìtí wálẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ, ọkà ń jáde lápá kan, pòròpòrò lápá kejì, ìyàngbò ń wọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wù. Àwọn tó ti ń ní ìgbà yẹn dùn bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Òkìtì ń lọ sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tò kó máa wà. Nígbà tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tó ku ìpele ìsàlẹ̀, tí kò gba àkàbà mọ́, Mogue gba àmúga lọ́wọ́ ọmọ kan. Watt wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Watt," Mogue ní.

Watt yíjú sí i. Ó ti pẹ́ tí Mogue ti pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

"Kí ló dé?"

"Dúró síbẹ̀ kí o wò mí." Mogue gún ìtí kan, ó gbé e sókè, ó jù ú sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó bọ́ sí ibi tó yẹ. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

Ó tún ju òmíràn. "Ṣé nǹkan kan ṣe ìjù mi?"

"Mo ní mo rí i, Mogue."

"Mo kàn fẹ́ kí o sọ bóyá nǹkan ṣe é ni."

Watt wo ìtí tó kù nílẹ̀. Ó tẹ̀ ba pẹ̀lú ìrora, ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan, ó yọ ọ́.

"Ó gbẹ," ó ní. "Jù ú."